Èébì Orí Omi: Bí A Ṣe Lè Wọkọ̀ Ojú Omi Lọ Rajà Láìgbé Oògùn Mì

Ọ̀rọ̀ inú fọ́ìsì nóòtì márùn-ún rèé. A tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn tí dátà wọn ò gbé ohùn, àti àwọn tí ariwo ọjà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ará ilé yín.

*FỌ́ÌSÌ KÌÍNÍ: Kí ló kan Maitama kan omi?*

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, admin yín ni o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, omi wo ló wà ní Maitama tí admin fi ń sọ̀rọ̀ èébì orí omi? Òótọ́ ni. Adágún omi Jabi ló wà nítòsí wa, ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ gbé àwọn tó wá ṣeré yíká lọ́jọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọjà tí à ń tà ò hù ní Maitama. Edé tó dára ń bọ̀ láti Oron. Ẹja gbígbẹ ń bọ̀ láti etí òkun Ìlàjẹ, lápá Igbókòdá àti Ayétòrò. Ẹni tó ń lọ Bonny láti Port Harcourt, ojú omi ni ọ̀pọ̀ ń gbà. Ẹni tó fẹ́ ti Oron dé Calabar láìgba ọ̀nà Itu yípo, ọkọ̀ ojú omi ni. Èkó náà ńkọ́? Ẹni tó bá ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó lójọ́ tí gò-síló bá le, ó mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ń yá ju ti ilẹ̀ lọ.

Ká tiẹ̀ fi ti òkun sílẹ̀. Ẹ ẹ̀ tíì gbàgbé ọdún 2022, nígbà tí omi Ọya bo títì Lokoja sí Àbújá lápá Koton-Karfe. Mọ́tò tò lọ bí ẹni tò ìlẹ̀kẹ̀, ẹlòmíràn sun ojú títì fún ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ èèyàn wọ̀ kọjá kí wọ́n tó rí mọ́tò lódì kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní 2012. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ná ọjà ní Àbújá, kó má sọ pé omi ò kan òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun oníṣòwò rèé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò jẹ́ lọ síbi tí ọjà wà mọ́, torí pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n bì títí wọ́n fi sọ pé àwọn ò ṣe mọ́. Wọ́n wá ń rán ẹlòmíràn. Ẹni tí a rán ló ń yan ọjà, òun ló ń dá iye lé e, àwa ń gba èyí tó bá gbé wá. Èrè tó yẹ kó wọ àpò wa, ẹnu omi ló ń parí sí.

Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ló dé tí mo ní láìgbé oògùn mì? Ọ̀pọ̀ oògùn tó ń dá èébì ìrìnàjò dúró ló ń mú oorun wá. Èèyàn tó gbé owó ọjà sí ìbàdí, tó wà láàárín èrò tí kò mọ̀ rí, kò yẹ kó máa tòògbé. Àwọn míì nínú wa sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ojú, oògùn méjì lè má bára wọn rẹ́ nínú ara. Mi ò sọ pé kí ẹni tí dókítà kọ oògùn fún má lò ó o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun púpọ̀ wà tí a lè ṣe kó tó di pé a ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri nínú páàkì.

*FỌ́ÌSÌ KEJÌ: Kí ló ń fà á?*

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí ẹni tó bá mọ ìdí àrùn ló máa mọ bí a ṣe ń yẹra fún un.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí a fi ń gbọ́rọ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tó ní ihò róbótó mẹ́ta bí òrùka, omi sì wà nínú wọn. Bí o bá yí orí, omi yẹn á mì, bí omi inú garawa ṣe ń mì bí a bá rù ú. Òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yí, a ti tẹ̀, a ń lọ sókè, a ń lọ sísàlẹ̀. Ojú náà ń jíṣẹ́ tirẹ̀. Ẹran ara àti oríkèé ń jíṣẹ́ tiwọn.

Ẹ wò ó bí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Bí àwọn méjèèjì bá mú àkáǹtì kan náà wá, ọ̀gá á sùn dáadáa. Lórí omi, ojú ń wo inú ọkọ̀: àga dúró, àpò dúró, èèyàn tó jókòó níwájú dúró. Ojú á ní, "Ọ̀gá, a ò rìn o." Etí á ní, "Irọ́ ni, a ti lọ sókè, a ti já wálẹ̀, a ti yí sọ́tùn-ún." Àkáǹtì ò bára mu. Orí ọ̀gá á dàrú. Inú ló wá ń san gbèsè ìjà tí kò dá sílẹ̀: itọ́ á kún ẹnu, òógùn tútù á bò wá, ojú á funfun, òòyì á máa kọ́ni, lẹ́yìn náà èébì.

Kì í ṣe àjẹ́, kì í sì ṣe pé olúwarẹ̀ ya ọ̀lẹ. Ní 1882, William James, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, kọ̀wé pé ọ̀pọ̀ adití ni òòyì kì í kọ́ bí wọ́n bá ń fi wọ́n yí. Ohun inú etí yẹn ni kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Títí di òní, ẹni tí ohun inú etí yẹn bá kú pátápátá kì í bì lórí omi. Ní 1914, wọ́n fún dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Bárány ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ tó ṣe lórí ohun inú etí yìí kan náà.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Nelson, ọ̀gágun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 12 ló wọ iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì ń ṣàìsàn orí omi títí dàgbà. Charles Darwin wọ ọkọ̀ Beagle láti ìparí 1831 títí di 1836, inú rẹ̀ ò sì fara rọ lórí òkun ní gbogbo ìgbà yẹn. Kódà, ọ̀rọ̀ nausea tí àwọn dókítà ń pe inú rírú, láti inú èdè Gíríìkì ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ ojú omi ló sì ti ṣẹ̀ wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń yọ ọmọ èèyàn lẹ́nu.

Ta ló máa ń mú jù? Ọmọdé láti bí ọdún 2 sí 12. Obìnrin ju ọkùnrin lọ, pàápàá aboyún. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń dà láàmú. Ìkókó tí kò tíì pé ọdún 2 kì í sábà ní in. Ẹni tí kì í sì í sábà mú ni ẹni tó ń tu ọkọ̀. Kí ló dé? Ó ń wo iwájú, ó sì mọ ibi tí ọkọ̀ máa yà sí kó tó yà. Àkáǹtì ojú àti ti etí bára mu lọ́wọ́ tirẹ̀. Ẹ mú ìyẹn dání, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí mo máa sọ báyìí: ká ṣe bí atukọ̀.

*FỌ́ÌSÌ KẸTA: Kí a tó wọkọ̀, àti nínú ọkọ̀*

Èkíní, ẹ sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹni tó fi gbogbo òru rin ọ̀nà Àbújá dé Oron, tó bọ́ sílẹ̀ tó kó wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ti jẹ gbèsè kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyè bá wà, ẹ sinmi díẹ̀ ní èbúté.

Èkejì, ẹ jẹun, àmọ́ ẹ má jẹ àjẹyó. Àwọn kan máa ń ní àwọn ò ní jẹ nǹkan kan kí àwọn má baà bì. Inú òfìfo náà máa ń rú. Nǹkan bíi wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ jẹ búrẹ́dì gbẹrẹfu, bisikíìtì tí kò dùn jù, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ fi àkàrà tí epo ń kán lára rẹ̀, ẹ̀wà tó kún àwo, àti ọbẹ̀ aláta sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fẹnu kan ọtí. Paraga tí wọ́n ń tà ní páàkì, tí wọ́n ń pè ní agbo ìrìnàjò, ọtí ló wà nínú rẹ̀. Ọtí máa ń da omi inú etí rú, ẹ rí bó ṣe ń mú ọ̀mùtí ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Obì náà, ẹ rọra. Ohun tó ń lé oorun lọ nínú kọfí wà nínú obì, ó sì lè ru inú tí oúnjẹ ò sí.

Ẹ̀kẹrin, àárọ̀ ni kí ẹ wọkọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Létí òkun, atẹ́gùn sábà máa ń rọlẹ̀ láàárọ̀, ó sì máa ń le sí i bí oòrùn bá ti mú. Ìrìn òru lórí omi, ẹ má dán an wò. Àjọ NIWA tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Lokoja, kò fọwọ́ sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ ti rí jẹ́ǹgẹ́léjẹ́ńgẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré? Ẹni tó wà ní orí igi ló ń lọ sókè sódò, àárín kì í mì púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀. Iwájú ọkọ̀ ló ń na ìgbì. Ìdí ọkọ̀, ibẹ̀ ni òórùn bẹntiróòlù wà. Àárín ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá olókè, ìsàlẹ̀ ló ń mì kéré ju òkè lọ, àmọ́ ẹ rí i pé atẹ́gùn ń wọlé síbẹ̀. Ẹ tètè dé èbúté kí ẹ lè yan àyè.

Ẹ̀kẹfà, ẹ kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Kí ojú yín wà lára ohun tó jìnnà tí kò mì: ibi tí ọ̀run àti omi ti pàdé, tàbí ìlà igi tó wà ní etí bèbè. Ojú á rí i pé ọkọ̀ ń mì, àkáǹtì á sì bá ti etí mu.

Èkeje, ẹ fi fóònù sápò. Mo mọ̀ pé èyí le fún wa. Ẹni tó ń ka WhatsApp, tó ń ka owó, tó ń wo ìwé ọjà nínú ọkọ̀, ó ti ran ojú níṣẹ́ irọ́. Ẹ parí ìṣirò yín ní èbúté. Kódà tí admin bá fi fọ́ìsì ránṣẹ́, ẹ gbọ́ ọ tí ẹ bá gúnlẹ̀.

Ẹ̀kẹjọ, ẹ má máa yí orí kiri. Ẹ gbé ẹ̀yìn ti àga bó bá ní ẹ̀yìn, kí orí dúró sójú kan. Ẹ máa mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ máa mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó bá gbájú mọ́ èémí rẹ̀, inú rẹ̀ kì í tètè rú. Ẹ bára yín sọ̀rọ̀, ẹ kọrin. Ẹni tó bá dákẹ́ tó ń retí èébì, èébì á dá a lóhùn. Ẹ má sì jókòó ti ẹni tó ti ń bì bí ẹ bá rí ọ̀nà, torí òórùn èébì máa ń fa èébì.

*FỌ́ÌSÌ KẸRIN: Ata ilẹ̀ àti àwọn nǹkan míì*

Ata ilẹ̀ ni gbogbo yín ń béèrè. Ó ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?

Ní 1988, àwọn oníwádìí ní Denmark fi ọmọ ogun ojú omi 80 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ṣe ìdánwò lójú agbami. Wọ́n fún àwọn kan ní gíráàmù 1 ata ilẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Èébì àti òógùn tútù dín kù lára àwọn tó lo ata ilẹ̀. Ti inú rírú fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ìdánwò míì sì wà níbòmíràn tí ata ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ mú un bí olùrànlọ́wọ́, ẹ má gbára lé òun nìkan. Ẹni tó mu tíì ata ilẹ̀ tó wá tẹjú mọ́ fóònù, á bì náà ni.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà lò ó: ẹ gé e wẹ́wẹ́, bíi ìdá kékeré tó tó ìka ọwọ́ kan, ẹ da omi gbígbóná lé e, ẹ bò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ rọra mu ún ní bí ìlàjì wákàtí sí wákàtí kan kí ẹ tó wọkọ̀. Tàbí kí ẹ di èyí tí ẹ gé wẹ́wẹ́ dání kí ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń gbìn púpọ̀ ní gúúsù Kaduna ni, lápá Kachia àti Kafanchan, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tó ń tà á mọ bí owó rẹ̀ ṣe ga lẹ́yìn tí àrùn jẹ oko rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2023. Èyí tí a fẹ́ yìí ò pọ̀, má fòyà. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, kó bi dókítà kó tó máa jẹ ẹ́ púpọ̀. Ẹni tí àyà máa ń ta náà, kó rọra.

Ọsàn wẹ́wẹ́: ẹ gé e sí méjì, ẹ máa gbóòórùn rẹ̀. Ó ń bo òórùn bẹntiróòlù àti òórùn ẹja mọ́lẹ̀. Mínítì tí a ń lá lẹ́nu náà ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ó sì ń mú ẹnu ṣiṣẹ́.

Ọrùn ọwọ́: ibì kan wà tí àwọn ará Ṣáínà máa ń tẹ̀. Ẹ gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ yín nínú, láti ìlà tó wà níbi tí ọwọ́ ti ń tẹ̀. Ibi tí ìka kẹta parí sí, láàárín iṣan méjì, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Wọ́n ń ta bẹ́líìtì ọwọ́ tó ní kóró tó ń tẹ ibẹ̀. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ kò pa ohùn pọ̀: ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, kò ran àwọn míì. Kò ní ìpalára, kò sì ná wa lówó bí a bá fi ọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó lágbára jù ni mímọ́ra. Ẹni tó bá wà lórí òkun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọpọlọ rẹ̀ á kọ́ ọ, ara á sì balẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ lóòrèkóòrè á sàn ju ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nítorí náà, ẹni tó bì lẹ́ẹ̀kan, kó má sọ pé òun ò lọ mọ́ láéláé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn kúkúrú, ojú ọ̀sà kí ó tó kan ojú òkun.

*FỌ́ÌSÌ KARÙN-ÚN: Bí èébì bá dé, àti ìdáhùn sí ìbéèrè yín*

Ẹ dúró síbí o. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Èébì fúnra rẹ̀ kì í sábà pa àgbà. Ohun tí èèyàn ń ṣe nígbà tó fẹ́ bì ló lè pa á, tó sì lè pa àwọn ẹlòmíràn. Bí èébì bá gbé e, á dìde, á sáré sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á na ọrùn síta. Ọkọ̀ kékeré ò gba irú ìyẹn. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí omi Ọya. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dojú dé lápá Pategi ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹni tó kú lé ní 100. Ní oṣù kọkànlá 2024, ọkọ̀ tó kó àwọn oníṣòwò bíi tiwa láti Kogi lọ sí ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger dojú dé, obìnrin ọlọ́jà pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe èébì ló fa àwọn yẹn. Àmọ́ ó yẹ kó kọ́ wa pé ọkọ̀ tó kún ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣíra lójijì.

Nítorí náà: ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà kí ẹ tó jókòó, ẹ so ó, ẹ má fi ṣe ìrọ̀rí. Bí kò bá sí, ẹ má wọ ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá kún jù, ẹ bọ́ sílẹ̀; ọjà ò ní tán lọ́jà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yín mú ọ̀rá tí kò jò bíi mẹ́ta dání. Bí èébì bá dé, lórí ìjókòó ni kí ẹ ti bì sínú ọ̀rá, ẹ so ó lẹ́nu. Ìtìjú ò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó di èjìká rẹ̀ mú. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹ má dá lọ.

Lẹ́yìn èébì, ẹ fi omi yọ ẹnu, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wá máa mu omi ní ìkan-ìkan. Bí èébì bá pọ̀, ẹ po omi iyọ̀ àti ṣúgà: líta 1 omi mímọ́, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kí ṣíbí náà gún régé lórí, má jẹ́ kó ga. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ tí ilẹ̀ ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rù, ọpọlọ ló ń padà bọ̀ sípò. Ẹ jókòó kí ẹ tó lọ ná ọjà, ẹni tí òòyì ń kọ́ ò lè ná ọjà jèrè.

Ìyá wa kan béèrè ti aboyún. Ẹ má fún un lóògùn kankan láìbi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, kó sì yẹra fún ojú omi tó le bó bá ṣeé ṣe. Àbúrò kan béèrè ti ọmọdé. Ẹ gbé e jókòó kó lè rí ìta, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má fún un ní ìdajì oògùn àgbà láéláé.

Ẹ̀gbọ́n kan ní, "Admin, ìgbà tí mo bá wọ mọ́tò Àbújá sí Ìbàdàn ni tèmi." Ìjà kan náà ni, ojú àti etí. Ẹ jókòó síwájú, ẹ wo ojú ọ̀nà, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo èébì ni ti ọkọ̀ o. Bí ara bá gbóná, bí inú bá ń ro ni gan-an, bí ọrùn bá le, bí àyà bá ń dunni, bí èèyàn ò bá tọ̀, tàbí bí ó ti gúnlẹ̀ tipẹ́ tó ṣì ń bì lọ́jọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ìdí ata ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kó o pọ̀ fún ẹni tí kò ráyè: oorun, oúnjẹ díẹ̀, kò sí ọtí, àárín ọkọ̀, ojú síwájú, fóònù sápò, jákẹ́ẹ̀tì lára, ọ̀rá lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tó ń lọ sí Oron fún edé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ fi orúkọ ẹnìkejì yín ránṣẹ́ sí mi, kí á mọ ẹni tó wà pẹ̀lú ta ni. Tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ kọ "a ti dé" síbí. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire. Omi ò ní gbé wa lọ, ọjà wa á tà.